Ọwọ́ Tó Ń Ṣí Ọjà Sùwéébátù

Bí ẹ bá dé ọjà Roxy ní Adjamé láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ má tíì ná nǹkan kan lọ́wọ́ Sùwéébátù. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná! Ẹ wo bó ṣe ń to bàtà rọ́bà ẹ̀, èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní lẹ́kẹ́, pupa sí ẹ̀gbẹ́ pupa, funfun sí ẹ̀gbẹ́ funfun, bí ẹni ń to ẹyin sínú agbọ̀n. Ẹ wo bó ṣe ń yọjú wo ọ̀nà. Ẹni tó máa ṣí ọjà ló ń wò. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kì í fi àkọ́tà ṣeré rárá. Oníbàárà àkọ́kọ́ kì í kúrò níwájú ẹ̀ lọ́wọ́ òfo, iyekíye tó bá dárúkọ.

"Kí n lé ẹni tó wá ṣílẹ̀kùn ọjà mi?" á ní. "Ta ni màá wá rí tà fún?"

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àfi pé ẹni tó bá ti mọ̀ nípa ẹ̀ lè fi í jẹun. Adéfọlákẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀, sì mọ̀ nípa ẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Adéfọlákẹ́. Àgbàlá kan náà ní Treichville lòun àti Sùwéébátù jọ gbé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ìka júwe búrẹ́dì torí pé wọn ò gbọ́ Faransé. Nígbà tó yá, Fọlákẹ́ kó lọ sí Port-Bouët létí òkun, ó ní òun á máa ta lẹ́kẹ́ fún àwọn apẹja. Lọ́wọ́ ta lá ti máa rà á? Lọ́wọ́ Sùwéébátù náà ni! Inú àwọn méjèèjì dùn dẹ́yìn. Òwò láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, kí ló tún kù?

Bẹ́ẹ̀ ni Fọlákẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dé Roxy láràárọ̀, kí oníbàárà kankan tó yọjú. Á wọ gbáká, ọkọ̀ akérò kékeré tí kọ́ńdọ́ ẹ̀ máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà bí àdán, á bọ́ sílẹ̀ ní Treichville, á tún wọ òmíràn kọjá lórí afárá ọ̀sà. Á kí Sùwéébátù, á jókòó díẹ̀, á sọ̀rọ̀ Port-Bouët fún un. Lẹ́yìn náà á ṣa bàtà díẹ̀, á sì dárúkọ owó. Ẹ̀yin èèyàn mi, owó ọ̀hún kéré! Nígbà míì, kò tó iye tí Sùwéébátù fi rà wọ́n. Ṣùgbọ́n àkọ́tà ni. Sùwéébátù á gbé e mì, á ní, "Gbà. Ọjà á tà."

Òjò rọ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò ọdún 2008 tún dé. Kassim, ọkùnrin Dyula tó ń ta báàgì nítòsí ẹ̀, ni kò jẹ́ kó sinmi. Faransé àti Dyula ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ba tiẹ̀ jẹ́.

"Anàgó mùsó," bẹ́ẹ̀ ni Kassim ń pe obìnrin Yorùbá yìí, "ọ̀rẹ́ ẹ yìí gbọ́n dêh! Ó ń tètè jí ju lémọ́ọ̀mù lọ, torí kó lè rà ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Kassim. Gbájú mọ́ báàgì ẹ."

"Ọ̀rẹ́! Ọ̀rẹ́ tèmi kì í ná mi bí ẹni ná ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn."

Sùwéébátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára, ó jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Kassim lọ pàdé àbúrò ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ní Port-Bouët. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ kí èèyàn kó tó ké jáde. "Tantie, àǹtí mi, mo rí i! Parasol, agboòrùn ńlá! Lẹ́kẹ́ ẹ ló tò lọ rẹrẹ lábẹ́ ẹ̀. Fọlákẹ́ ti di patronne, ọ̀gá ńlá o, ìwọ ṣì ń yá oòrùn níbí!"

Parasol yẹn ló dùn ún jù. Sùwéébátù gbójú sókè wo àpò ìrẹsì tí òun fúnra ẹ̀ rán mọ́ igi láti fi ṣe ibòji. Gbogbo ọdún yìí! Kò sùn dáadáa. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

"Kassim, wá ra bàtà kan lọ́wọ́ mi. Kíá, kó tó dé."

Kassim fi ọwọ́ bo ẹ̀rín ẹnu ẹ̀. Lẹ́kẹ́ ọmọdé ló rà, òun tí kò tíì lọ́mọ. Kò pẹ́ tí Fọlákẹ́ dé, òjò ti rẹ gèlè ẹ̀ mọ́ ọn lórí.

"Ìyá Mahfuz, ẹ kú àárọ̀ o," ló kí Sùwéébátù, orúkọ ọmọ ẹ̀ ló máa ń fi pè é.

"Wọ́n ti ṣí ọjà," ni Sùwéébátù dá a lóhùn. "Iye tí gbogbo èèyàn ń rà á nìwọ náà máa rà á lónìí."

Ojú Fọlákẹ́ yí padà. Kì í ṣe bàtà ló wò. "Ta ló ṣí i?"

"Kassim."

Ó wo ọwọ́ Kassim fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ọwọ́ ẹ̀ dáa?"

Sùwéébátù rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó kọjú sí bàtà tó ń tò. Fọlákẹ́ ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjà tà, ó yí padà, ó lọ. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá mọ́.

Ọjà tà o! Kí n má purọ́, ó tà bó ṣe ń tà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ti di òfìfo. Sùwéébátù á to bàtà tán, á yọjú wo ọ̀nà, á sì rántí pé òun ò retí ẹnì kankan. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó wọ gbáká lọ sí Port-Bouët kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ìsọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀.

Parasol wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹja gbígbẹ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Huguette, obìnrin tó jọ ń gbé àgbàlá pẹ̀lú Fọlákẹ́, ló ni ín. Etí tábìlì ni lẹ́kẹ́ Fọlákẹ́ tò sí.

"Ìwọ ni ọ̀rẹ́ Adjamé yẹn?" ni Huguette bi í. "Wá wo nǹkan!" Ó fà á lọ́wọ́ wọ yàrá Fọlákẹ́. Àpò lẹ́kẹ́ ga dé àjà! Àpò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Nígbà òjò, apẹja kì í ra bàtà. Mo ní kó sinmi. Ó ní rárá, ọ̀rẹ́ òun ò tíì ṣí ọjà."

Fọlákẹ́ ti ẹ̀yìn wá, ọṣẹ ṣì wà lápá ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. "Ìyá Mahfuz! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Fọlákẹ́, kí ni gbogbo àpò yìí?"

"Ẹni tó bá ṣí ọjà gbọ́dọ̀ ra nǹkan. Àbí wọ́n ń fi ẹnu lásán ṣí i ni?"

"Ta ló ní kó o máa wá ṣí i fún mi?"

"Ìwọ ni! Ní Treichville, ọjọ́ tó o kọ́kọ́ gbé igbá bàtà jáde, tí mo ra ti àkọ́kọ́, tó o tà á tán kí oòrùn tó wọ̀. O di ọwọ́ mi mú, o ní, 'Fọlákẹ́, ọwọ́ ẹ tutù. Ìwọ ni kó o máa ṣí ọjà mi.'"

Sùwéébátù ti gbàgbé pátápátá.

"Èmi ò gbàgbé," ni Fọlákẹ́ wí. "Gbogbo nǹkan tí mo dáwọ́ lé nílé ló bàjẹ́. Àwọn ẹbí mi ní ọwọ́ mi gbóná. Ìwọ nìkan lo sọ pé ó tutù."

"Owó tó o ń dárúkọ ńkọ́?"

"Èyí tó bá kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ ni. O ò bá mi jiyàn rí, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ ẹsẹ̀ mi lo fi fún mi."

Sùwéébátù jókòó lé àpò kan. Òjò, gbáká méjì, afárá, láràárọ̀! Nítorí gbólóhùn kan tóun sọ tóun gbàgbé! Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, inú ẹ̀ sì rò ó títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "O ṣeun," ló ń sọ. "Fọlákẹ́, o ṣeun. Mo dá ẹjọ́ ẹ láì gbọ́ tẹnu ẹ."

"Ó dáa, má ba àpò mi jẹ́," ni Fọlákẹ́ wí, òun náà ń nu ojú.

Sùwéébátù dìde, ó lọ sídìí tábìlì. "Ṣé wọ́n ti ṣí ọjà tìẹ lónìí?"

"Ta ló ti jí?"

Ó mú lẹ́kẹ́ pupa kan. Ó wá dárúkọ owó, iye kékeré yẹn gan-an tí Fọlákẹ́ máa ń dárúkọ fún un!

Fọlákẹ́ la ẹnu sílẹ̀. "Olè!" ló ké, ló bá bú sẹ́rìn-ín tó fi di tábìlì mú. "Gbà. Ọjà á tà."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ kí Sùwéébátù tó dé Roxy. "Tantie, o pẹ́!" ni Kassim ké. "Ta ló máa wá ṣí ọjà báyìí?"

Sùwéébátù gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti inú gbáká, lẹ́kẹ́ pupa tuntun ló wà níbẹ̀. "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi," ló ní, ó sì na ọwọ́ láti gba àpò àkọ́kọ́ lórí Fọlákẹ́, nínú àwọn àpò lẹ́kẹ́ tí wọ́n jọ ń kó padà wá tà.