Ọwọ́ Ìyá Ìjánu

Bí Ìyá Ìjánu bá jí láàárọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Á nà wọ́n sílẹ̀ létí ibùsùn, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí lónìí." Orúnkún ọ̀tún á dún kọ́! Tòsì á dákẹ́ bí ẹni tó ń bínú. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń rìn yípo pápá oníyanrìn kan náà, okùn ẹṣin lọ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ lórí gàárì. Bí wọ́n bá na gbogbo ìrìn yẹn tààrà, ì bá ti la orílẹ̀-èdè mẹ́ta já. Ṣùgbọ́n yípo ni. Ibi tó ti gbéra náà ló ń dé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló ń bá a de bọ́tìnnì aṣọ báyìí. Láti bí oṣù mẹ́ta ni àwọn ìka Ìyá Ìjánu ti kú. Wọn kò dùn ún. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn tí wọ́n bá ń dùn ún. Ó lè di ife tíì gbígbóná mú kó má mọ̀ títí àwọ̀ á fi bó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn níbi iṣẹ́," ni àbúrò sọ, bó ṣe ń de bọ́tìnnì tó kẹ́yìn.

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé ọwọ́ yín ò mọ nǹkan mọ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé? Kí n máa wò ẹ́ bó o ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?"

"Àbí ẹṣin ló máa sin yín ni?"

"Ẹṣin ò ní sọ̀rọ̀ jù níbi ìsìnkú, ó kéré tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àbúrò náà sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé yàtọ̀ sí pápá yẹn, ẹ̀gbọ́n òun kò ní ibì kankan tó ń lọ.

Ẹṣin mẹ́fà ló wà ní pápá náà, àti ilé ẹṣin onípákó kan tí òjò ń jò níbi méjì, àti àga ike funfun kan lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni kì í ráyè jókòó sí. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé ló ń fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀: eyí tó ń jà ṣáá, eyí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, eyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, eyí tí ìyá rẹ̀ kú tí kò tíì sunkún. Kò sí oògùn kankan tí wọ́n ń fún wọn. Wọ́n á kó ìgbẹ́ ẹṣin, wọ́n á ha ẹrẹ̀ kúrò ní pátákò, wọ́n á nu ara ẹṣin, kí wọ́n tó gùn ún rárá. Ẹṣin kò mọ ọmọ ta ni ẹ́, kò sì ka ìwé ẹ̀sùn tí olùkọ́ kọ nípa rẹ. Bó o bá pariwo mọ́ ọn, á kẹ̀yìn sí ẹ. Bó o bá ń mí jẹ́jẹ́, òun náà á máa mí jẹ́jẹ́. Ọ̀gá tó ń darí pápá náà lónìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń géni jẹ ni nígbà tí Ìyá Ìjánu kọ́kọ́ fa okùn ẹṣin fún un. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ màmá náà, ó sì máa ń fi hàn án nígbàkigbà tó bá fẹ́ ṣe ọ̀gá jù.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo òfin lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu á ké pé, "Dúró!" Bó bá ti ké e, gbogbo ẹṣin àti gbogbo ẹni tó di okùn mú, títí kan ọ̀gá, gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í bèèrè ìdí kí wọ́n tó dúró. Bó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ló ké e, àgbà á dúró, bó bá sì jẹ́ pé ó ṣèèṣì ni, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ìyá Ìjánu ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun lófin yìí. Á ní kí wọ́n ké e sókè bí ẹni tó ń lé àwòdì. Ṣùgbọ́n nínú ọdún mọ́kànlélógún yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò ké e rí nítorí ara rẹ̀.

Ọmọ kan wà tí òfin náà kọ̀ láti wọ̀ lára. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ni, Jẹ́jẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kò yadi, kò sì ya òmùgọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló ń dá gbogbo ayé lóhùn. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ló máa bẹ̀ ẹ́. Ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ọkùnrin náà sì fẹ́ràn ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ohunkóhun tí àgbà bá ṣe níbẹ̀, ojú lè rí i, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Lóṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní pápá, ẹṣin kan gbé ẹsẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, kò sì gbé e kúrò. Ọmọ náà kàn dúró, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá Ìjánu ló rí i tó ti ẹṣin sẹ́yìn.

"Ọmọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ ni àbí ẹsẹ̀ mi?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, mà."

"Ta ló wá yẹ kó ké?"

"Kò dùn mí púpọ̀, mà."

Ìyá Ìjánu lọ sẹ́yìn ilé ẹṣin, ó bú àbúrò bàbá tí kò mọ̀ rí yẹn dáadáa, ara sì tù ú díẹ̀.

Oṣù mẹ́wàá ló fi bá ọmọ náà ṣe é. Ó fi í lé Baálé lọ́wọ́. Baálé ni ẹṣin tó dàgbà jù níbẹ̀, pupa rúsúrúsú, ìwà rẹ̀ tutù, àfi àbòsí kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ń de ìgbànú gàárì mọ́ ọn lábẹ́ ikùn, á fa èémí sínú, ikùn á wú. Wàá rò pé ìgbànú ti le. Kó o tó yíjú padà, á mí jáde, ìgbànú á dẹ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń de ti Baálé: wọ́n á dè é, wọ́n á mú un rìn díẹ̀, wọ́n á tún un fà, wọ́n á wá ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìka bá wọlé wẹ́rẹ́, kò tíì le. Jẹ́jẹ́ kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ láti gbórí sókè lórí gàárì, ó kọ́ láti sọ fún ẹṣin pé rárá, ó sì rí i pé ẹṣin gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Baálé sọ̀rọ̀, odidi gbólóhùn. Èèyàn ló kù tí kò tíì bá sọ ọ́.

Àsìkò yẹn ni ìka Ìyá Ìjánu kú. Ìka méjì tó ti jẹ́ òṣùwọ̀n fún gbogbo pápá kò mọ ìgbànú tó le yàtọ̀ sí èyí tó dẹ̀ mọ́. Kò sì lágbára láti fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń fà á bẹ́ẹ̀ náà, ó ń sọ pé, "Ó ti le," nítorí ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé ife omi rẹ̀, ó yí padà, ó sì bá ọwọ́ Jẹ́jẹ́ lábẹ́ gàárì Baálé. Ọmọ náà ń tún ìgbànú fà. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Ìjánu gbé ife omi rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti de gàárì tán, á wá nǹkan tó máa ṣe lápá ibòmíràn, ọmọ náà á sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ìtìjú rẹ̀ wúwo fún màmá náà ju orúnkún lọ, torí ó mọ ohun tóun ń ṣe. Ẹnu ọmọ náà tóun ti ń là láti oṣù mẹ́wàá, òun náà ló tún ń pa á dé.

Ó wá di Sátidé kan tí bọ́ọ̀sì tó ń gbé Jẹ́jẹ́ wá pẹ́. Àwọn òbí ti dúró létí ọgbà, oòrùn ti mú, Jẹ́jẹ́ kò sì tíì dé. Ọmọ ọdún méje kan tí gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ti ká, Akáyín lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ni yóò gun Baálé. Ìyá Ìjánu de ìgbànú. Ó mú ẹṣin rìn díẹ̀, ó tún un fà, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́. Kò mọ nǹkan kan.

"Ó ti le," ló sọ. Ó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, rírẹ̀ tó ń mú kéèyàn fẹ́ kí ohun gbogbo ṣáà ti dáa. Wọ́n gbé Akáyín gùn ún.

Wọ́n ti yípo lẹ́ẹ̀kan kí Jẹ́jẹ́ tó sáré wọlé. Ọ̀gá ní kó tètè gun ẹṣin dúdú kan, ó sì bọ́ sí òdìkejì pápá. Akáyín ń rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín rẹ̀ wọlé. Baálé ti mí jáde tipẹ́. Láti òdìkejì, Jẹ́jẹ́ rí ìgbànú tó ń fì lábẹ́ ikùn ẹṣin.

"Dúró."

Ohùn náà kéré. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ, àfi Ìyá Ìjánu. Ká má purọ́, ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó sì tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

"DÚRÓ!"

Ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Gbogbo pápá dúró gbagidi. Àwọn òbí pàápàá dúró, àwọn tí wọn kò tiẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ké e?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Èmi ni, sà."

"Kí lo rí?"

Jẹ́jẹ́ wo Ìyá Ìjánu. Lẹ́yìn náà ó wo yanrìn. "Mo ṣèèṣì ni, sà. Ẹ má bínú."

"Wọn kì í bínú sí ẹni tó bá ké e. Ó dáa, ẹ máa lọ."

Ó kù sí ọwọ́ màmá náà. Bó bá rọra rìn, tó sì fi èjìká ti Akáyín, bóyá gàárì á dúró títí wọ́n á fi yípo tán. Iṣẹ́ á wà, ilé á ṣeé jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ó wo Jẹ́jẹ́. Orí ọmọ náà ti tẹ̀, èjìká rẹ̀ ti rọ̀ bíi ti oṣù àkọ́kọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá ń padà wọ ọ̀fun lọ lójú rẹ̀ kòrókòró.

"Dúró," ni Ìyá Ìjánu wí. Kò pariwo. "Ọmọ yẹn kò ṣèèṣì. Ẹ gbé Akáyín sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀gá gbé e. Bí ìdí ọmọ náà ṣe kúrò lórí gàárì báyìí, gàárì yọ̀ wẹ́rẹ́, ó yí sí abẹ́ ikùn Baálé. Ìyá kan kígbe létí ọgbà.

"Àwọn ìka mi ti kú láti oṣù mẹ́ta," ni màmá náà sọ. "Jẹ́jẹ́ ló ń bá mi tún un fà lẹ́yìn mi. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kó máa ṣe é. Èmi ni mo jẹ̀bi. Òtítọ́ lọmọ yẹn ké."

Ọ̀gá gbé Akáyín kalẹ̀, ó na ọwọ́. "Màmá," ló wá sọ, "ẹ fún mi lókùn."

Ó fẹ́ fún un, ọwọ́ rẹ̀ ni kò là. Ọ̀gá ló tú àwọn ìka náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ó sì na okùn sí ọmọbìnrin tó ti sọ̀kalẹ̀ tó sáré wá. Jẹ́jẹ́ ń sunkún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Má bẹ̀ mí. Bó o bá tún bẹ̀ mí, màá bínú lóòótọ́."

Nígbà tó délé, àbúrò rẹ̀ bá a tú bọ́tìnnì, kò dá àpárá kankan. Ó kàn bèèrè pé, "Ó ti tán?" Òun náà ní, "Ó ti tán." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi wo òwú bó ṣe ń wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá pè é: "Màmá, ọwọ́ yín ló kú, ẹnu yín ò tíì kú o. Ta ló fẹ́ bá mi kọ́ àwọn ọmọ tuntun? Ẹ máa bọ̀ lọ́la, àga yín ń dúró dè yín."

Ó lọ. Ó jókòó sórí àga ike funfun yẹn, ó sì ń wo Jẹ́jẹ́ bó ṣe de Baálé, tó mú un rìn, tó tún ìgbànú fà, tó ki ìka méjì bọ̀ ọ́. Wọ́n gbé Akáyín gùn ún. Ẹṣin gbéra. Kí Ìyá Ìjánu tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dìde, ó ti ń tọ ẹ̀gbẹ́ ẹṣin lọ nínú yanrìn bó ṣe máa ń ṣe, orúnkún ń dún kọ́, kọ́.

"Dúró!"

Ohùn Jẹ́jẹ́ ni. Ẹṣin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró. Ọ̀gá dúró. Akáyín dúró sórí gàárì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Kí lo rí?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Ó ti rẹ Màmá, sà."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjánu fẹ́ sọ pé kò rẹ òun, ó la ẹnu, kò rí irọ́ náà sọ. Ó yí padà. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni láti ibẹ̀ dé ìdí igi, ó sì rọra rìn ín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ẹnikẹ́ni kò mira, títí ó fi jókòó tán.