Fọ́tò Ìbejì Tí Mo Yà ní Ṣàgámù

Nígbà tí mo di ọ̀gá, ní nǹkan bí 1998, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń ráhùn pé mi ò jẹ́ kí àwọn tètè fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ẹnu ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ wọn láti ṣọ́. Kí wọ́n máa ráhùn lọ. Mo mọ ohun tí ẹnu tèmi ṣe.

Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Fíìmù tí mo bà jẹ́ ló kọ́ mi, mo sì ti ń gbéra ga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 1992, ìyá kan tó ń ta obì mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàgámù, ọmọ bí ọdún márùn-ún. Ìbejì ni. Èkejì ti kú láìya fọ́tò rí, ìyá sì fẹ́ kí n ya èyí lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan, kí òun lè rí àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Èkejì rẹ̀ lọ sí Èkó." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọ náà nílé, kí ó má baà fẹ́ tẹ̀ lé e. A kì í sọ pé ìbejì kú létí èkejì rẹ̀. Ta ni kò mọ̀?

Mo fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, mo gbé ọmọ náà jókòó sápá òsì bẹ́ǹṣì, mo yà á. Ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé ẹnì kan ń bá a ṣeré. Mi ò yí fíìmù, kí àwòrán méjèèjì lè bọ́ sójú kan náà. Mo sún páálí sí ìdajì kejì, iṣẹ́ ti gbé ọkàn mi lọ, mo ní, "Ó yá, sún sápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ti ẹni tó kú."

Ẹyin lohùn. Ọmọ náà sún, kò sunkún. Ó kàn wo apá òsì bẹ́ǹṣì, ó sì fojú sin nǹkan kan títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń kọjá. Síbẹ̀ mo yà á.

"O ti pa mí o!" ìyá rẹ̀ pariwo. "Tí èyí náà bá tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n padà wá gba fọ́tò. Ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, aṣọ kan náà: ti òsì ń rẹ́rìn-ín, ti ọ̀tún ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà fọwọ́ ra ti ọ̀tún lójú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi tó lọ sí Èkó nìyí."

Ọmọ náà mi orí. "Rárá, Ìyá mi, èmi nìyẹn." Ó fi ìka kan ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. "Òun nìyí. Ìgbà tí bọ̀dá onífọ́tò sọ pé ó kú ló dìde lọ."