Òwú Dúdú Lára Ṣọ́ọ̀kù Iwájú

Mo rántí ìró tí alùpùpù mi máa ń dún nígbà tí iwájú rẹ̀ bá wọ kòtò. Irin á kan irin, ọwọ́ mi á gbọ̀n títí dé èjìká, ìyàwó mi tó jókòó sẹ́yìn á sì fi orí sọ ẹ̀yìn mi. Alùpùpù gíga ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà oko, tí táyà rẹ̀ rí kókó-kókó. Mo rà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó máa ń wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìmọ̀ oko. Ó ti gùn ún gbó kó tó tà á fún mi, ṣùgbọ́n ojú mi kò rí ìyẹn nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Ìwé tó yẹ kí n ti kà ní kékeré ni mo sì ń kà lọ́wọ́, tí mo máa ń wọ Ifẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbà pé alùpùpù náà ń bá mi sọ ọ́.

Àbà la ń gbé, nínú oko kòkó bàbá mi. Òjò àti ọkọ̀ tó ń kó kòkó ti ba ọ̀nà tó jáde sí títì jẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún, ó di dandan kó máa wọ ìlú fún àyẹ̀wò, a sì máa ń kọ́kọ́ yà sílé ìyá rẹ̀ ní Òkèrèwè. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó di ìbàdí mú, kò lè tètè nàró. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ gbé e wá. Bó bá tún sọ̀ kalẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà títí yóò fi bímọ. Ẹ̀yin náà á máa wá kí i."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Àbà yẹn dákẹ́ jù kí ìyàwó mi tó dé ibẹ̀. N kò fẹ́ padà sínú ìdákẹ́ náà.

Mo gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó, níbi tí òórùn àgbò àti ti pẹtiróòlù ti máa ń pàdé. Ó tú ṣọ́ọ̀kù ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Sípíríìnì inú wọn, irin tí wọ́n ká kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà, ti kú, ọ́ìlì ti jò tán. Ó bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́. Mo ní èyí tó le jù. Ó yọ sípíríìnì lára alùpùpù ńlá kan tó ti bàjẹ́, ó gé e, ó fi páìpù kékeré kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lókè kó lè le sí i, ó sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ki sínú rẹ̀. Nígbà tó tò ó tán, àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí bọ́ síta wá tẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ẹnì kan á di bíréèkì mú, á fi gbogbo ara tẹ iwájú mọ́lẹ̀, àwọn yòókù á máa wòran. Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Kò mì.

"Èyí kì í ṣe ṣọ́ọ̀kù mọ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Òpó iná ni."

Ó fi yìn ín ni, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Eyín mi ń gbá ara wọn títí mo fi dé àbà, mo sì rò pé bí ohun tó lágbára ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, a kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà oko tí ìyàwó mi fi fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo ń rọra gùn tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń da ewúrẹ́ lọ sílé.

"Kí lẹ ní wọ́n fi sí i?"

"Sípíríìnì mìíràn. Èyí tó le."

"Èmi rò pé wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀ ni, tí wọn ò fi nǹkan kan dípò."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé títì. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín. N kò fẹ́ kí Màmá rí mi báyìí."

Mẹkáníìkì rí wa, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?"

"Ó dà bíi pé mo jókòó sínú odó, tí wọ́n sì ń gúnyán."

"Ṣùgbọ́n kò mì."

"Ṣé kò yẹ kó mì ni?"

Mẹkáníìkì ní kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ibi tó ń mì dé lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tó ń gùn ún kò lè máa wo ẹsẹ̀ iwájú. Ìyàwó mi yọ òwú dúdú tí wọ́n fi ń kó irun nínú báàgì rẹ̀. Ó ní kó so ó mọ́ irin tó ń dán lára ẹsẹ̀ iwájú, níbi tó ti wọ inú rọ́bà. Bí ṣọ́ọ̀kù bá tẹ̀, á ti òwú lọ sókè. Bó bá padà, òwú á dúró síbi tó dé.

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

"Ìgò epo pupa mi. Mo máa ń so òwú mọ́ ọn níbi tí epo dé, kí n lè mọ̀ bí ẹnì kan bá bù ú lẹ́yìn mi."

Mẹkáníìkì wò mí. "Ṣebí ẹ̀yin méjì péré lẹ̀ ń gbé ilé yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn epo lórí iṣu sísun, mo sì ti rò pé n kì í bù ú jù.

Èmi àti mẹkáníìkì gùn ún lọ sí ibi tí ọ̀nà ti burú lẹ́yìn Sábó. Nígbà tí a padà, òwú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Mẹkáníìkì yọ páìpù, ó da ọ́ìlì tó ki nù, ó fi èyí tó ṣàn dípò. A tún lọ, a tún bọ̀, títí òwú fi ń lọ sókè dáadáa láì kan òkè pátápátá nínú kòtò tó burú jù. Àwọn ọkùnrin yẹn tún wá tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílẹ̀, ó rọra dìde. Ẹni tó pè é ní òpó iná mi orí. "Ẹ ti bà á jẹ́," ló wí.

Nígbà tí a dé Òkèrèwè, ìyá ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde láì di nǹkan kan mú. Ìyá náà wò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ alùpùpù.

"Kí ni wọ́n so mọ́ ọn yìí? Ṣé oògùn ni?"

"Rárá, Màmá. Òwú irun ni."

Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a ti ibi àyẹ̀wò dé tí a sì jẹun, ó ní, "Ẹ tètè máa lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú." Àwa méjèèjì ló sọ ọ́ fún.

A bí ọmọ náà láyọ̀, òun náà ti lọ́mọ báyìí. Mo ta alùpùpù yẹn fún ẹni tí n kò mọ̀, ìlú ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Ìgò epo rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, òwú dúdú ṣì wà lára rẹ̀. Èmi ni mò ń rọ epo sí i. Bí mo bá sun iṣu, mo máa ń bu epo títí yóò fi lọ sílẹ̀ ju òwú náà lọ, mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó dé ìgò náà lórí. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ta ló bù ú.