Ọjọ́ Tí Aṣọ Sójà Ẹ̀gbọ́n Mi Dé Ṣọ́ọ̀bù Wa

Ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé ni ọjọ́ tí wọ́n mú aṣọ sójà Bùọ̀dá Káyọ̀dé wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màmá wa, nítòsí ọjà Ose Okwodu ní Onitsha. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi nílùú òyìnbó, ó sì wà lára àwọn sójà tó ń kọ́ṣẹ́ ogun lópin ọ̀sẹ̀ nìkan, tí ìjọba lè pè nígbà ogun. Wọ́n pè é lọ sójú ogun, kò sì padà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú aṣọ náà wá dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Màmá ò sunkún. Ó fi téèpù wọn apá aṣọ náà, ó ní, "Apá yìí ti gùn jù. Ọmọ mi kì í fẹ́ kí aṣọ bo ọwọ́ òun." Ló bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ká etí apá náà wọlé, ó ń rán an. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Mama Nkechi, aládùúgbò wa, sáré wọlé, ó ń fi èdè Igbo kí i pẹ̀lẹ́: "Ndo, Mama Kayode. Abeg, leave that machine."

Màmá rán an parí, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́ síbi tí aṣọ tó ti parí ti ń dúró de oníbàárà. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ náà ni aṣọ náà ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó ni ín, Màmá á ní, "Ọmọ mi ni. Ó ti bá a mu wàyí."