Ẹ̀wù Afẹ́fẹ́ Tí Mo Gbé Sórí Itan Láti Àpápá Dé Ìlọrin

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì ọdún 1991, ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdájí, mo wọ ọkọ̀ Píjò ní Challenge ní Ìlọrin, mo forí lé Èkó. Ogójì náírà ni owó ọkọ̀. Awakọ̀ ní a ó dé kí oòrùn tó mú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, kí n lè mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣe rí.

Láti ìgbà tí mo ti parí ìsìnrú ìlú ni mo ti ń tọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń kó ẹrẹ̀ àti koríko kúrò lẹ́nu páìpù nísàlẹ̀ dáàmù. Ẹ̀gbọ́n Ráímì, ọmọ Gàmbàrí, nìkan ni òmùwẹ̀ wa. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀, á pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, á sì wọ ẹ̀wù kan tí àpò wà nínú rẹ̀. Bó bá tẹ bọ́tìnnì, afẹ́fẹ́ á wọ inú àpò náà, á sì gbé e léfòó. Bí àpò bá ń jò, irin tó sán mọ́dìí á máa fà á sísàlẹ̀.

Èyí tó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbó. Yanrìn ti wọ abẹ́ bọ́tìnnì, bó bá tẹ̀ ẹ́ kì í tètè padà. Rọ́bà tó so mọ́ ọn ti là níbi tí wọ́n ti fi okùn dè é. Nígbà tí mo bu omi sínú àpò rẹ̀ tí mo dà á síta, nǹkan pẹlẹbẹ bí awọ inú ẹyin bá omi jáde: ara inú àpò ló ń bó. Ọ̀gá wa ní kí n lọ ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò ní Àpápá, nítorí Ẹ̀gbọ́n Ráímì gbọ́dọ̀ wọ omi ní ọjọ́ Sátidé. Nínú ọkọ̀, mo ń rò ó pé ẹ̀mí èèyàn ni mo ń lọ rà ní tòkunbọ̀.

Ọyẹ́ bo ọ̀nà títí a fi kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọ̀yọ́ mo ra búrẹ́dì àti àkàrà, náírà méjì. Àkàrà wọn fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, ata rẹ̀ kò sì tó. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a wọ Èkó. Oòrùn ti mú tipẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà kún fún okùn àti ìgò láti inú ọkọ̀ ojú omi. Àlájì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó na ẹ̀wù náà sí mi.

"Ọmọ mi, wò ó bó ṣe ń dán! Wàláhì, kò tíì wọ omi rí."

N kò tíì béèrè nǹkan kan. Ní Ìlọrin, ìbúra ni a fi ń parí ọ̀rọ̀; òun fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e sí imú, mo gbọ́ òórùn pólíìṣì bàtà. Mo fi ìka nù ún, ìka mi dúdú.

"Àlájì, pólíìṣì ńkọ́?"

"Kí eruku má baà mú un ni."

Ìdè alálẹ̀mọ́, bíi ti bàtà ọmọdé, tó wà láyà rẹ̀ ti hu irun, kò lẹ̀ dáadáa mọ́. Ohun tí kò wọ omi rí kì í hu irun bẹ́ẹ̀. Mo ní kí a fi omi dán an wò. Ó gbé báàfù kan jáde, ó fẹ́ ẹ̀wù náà kún, ó fúnra rẹ̀ dì í mú, ó tẹ àyà ẹ̀wù náà bọ omi. Mo wo aago: ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí hóró afẹ́fẹ́ kan. Ẹyọ kan yẹn náà ló ní. Mo sanwó.

"Ọjà tó bá ti kúrò níbí kì í padà o," ó ní.

Mo sùn nílé àbúrò ìyá mi. Ọkàn mi kò balẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ̀wù náà títí ó fi le gan-an, mo so òwú pupa yí àyà rẹ̀ ká, mo sì gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Bó bá ń jò, òwú yóò dẹ̀ kí a tó dé ilé.

Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé wọ́n sọ fún ọ pé inú odò ni mo máa ń wa ọkọ̀ sí ni?"

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin jókòó tì mí. "Fi í sílẹ̀ jàre. Bí afárá bá já, ọrùn rẹ̀ ni gbogbo wa máa dì mọ́."

Nígbà tí a tún dé Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn ti le, òwú náà ti wọ ara ẹ̀wù.

"Ó mà tún wú sí i!" ni ìyá náà wí. "Alùbáríkà wà nínú ọjà yẹn."

"Ooru ni, Màmá. Táyà ọkọ̀ pàápàá ń wú báyìí."

"Ìwọ ọmọ yìí! Bí ìyàwó bá gbé oúnjẹ fún ọ, ológbò lo máa kọ́kọ́ fún jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí a fi wọ Ìlọrin ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi ẹ̀wù náà kọ́ ìṣó ní yàrá ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ìka méjì ń wọ abẹ́ òwú náà. Ṣùgbọ́n òtútù ọyẹ́ náà lè mú kí afẹ́fẹ́ súnkì. Nítorí náà, n kò lè gba ti ọ̀sán gbọ́, n kò sì lè gba ti òwúrọ̀ gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ráímì wọlé. "Kí ni ẹni tó tà á sọ?"

"Ó fi Wàláhì búra."

"Kí lo wá ń so òwú mọ́ ọn fún?"

Mo ròyìn báàfù náà fún un. Ó ní, "Fi bó ṣe dì í mú hàn mí." Mo na ọwọ́ sí èjìká òsì. Ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Nínú báàfù Àlájì, èjìká yẹn kò kan omi rárá.

Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Jẹ́bbà ni Ẹ̀gbọ́n Ráímì ti kọ́ iṣẹ́ omi, àwọn tó ń fi kèrègbè léfòó lórí odò Ọya. "Àwọn kì í dán ikùn kèrègbè wò, àbúrò," ó ní. "Ọrùn ló máa ń jò. Odindi rẹ̀ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀."

A tún ẹ̀wù náà fẹ́, a rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi tèjìká-tèjìká. Lábẹ́ fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ní èjìká òsì, hóró afẹ́fẹ́ kan yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo fi aṣọ nu pólíìṣì ibẹ̀ kúrò, mo rí ìlà gọ́ọ̀mù lójú rírán.

Ọ̀gá wa wá wò ó. "Díẹ̀ ló ń jò. Ogún ìṣẹ́jú péré ni Ráímì máa lò nísàlẹ̀."

"Ọ̀gá," ni Ẹ̀gbọ́n Ráímì dáhùn, "ìbúra Àlájì wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Ẹ̀mí tèmi wà láàárín èmi àti omi." Ó nu ọwọ́, ó jáde.

Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé bí ẹni tó ń tajà bá ń dán ọjà rẹ̀ wò fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ni kí n máa wò. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé Àlájì mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá náà ló dì mú, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó tà á fún un ló fi gọ́ọ̀mù sí i. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí nìyí: ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó yẹ kó wà lábẹ́ omi, Ẹ̀gbọ́n Ráímì jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹrù, ó ń jẹ wàrà. Ẹ̀wù náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn wa, òwú pupa ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ara Ẹ̀gbọ́n Ráímì gbẹ.