Alákàn Onírin àti Àtàǹpàkò Mi

Alákàn kan fojú mi gbolẹ̀ nínú ilé ara mi. Alákàn inú tẹlifíṣàn ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè lọ́bẹ̀. Irin ló fi bo gbogbo ara, ó dúró lórí afárá kan bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì sí ohun tó lè ṣí i kúrò níbẹ̀ àfi kéèyàn fò sókè kó fi ìdí jábọ́ lé e lórí. Ohun tí mi ò lè ṣe nìyẹn.

Ọmọbìnrin mi ló ni géémù náà. Yunifásítì ló wà, àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ló bá wálé wá bá wa l'Ọ́jà'ba. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà ni wọ́n fi ń ta á. Ọmọ mi ní apá kẹta rèé, pé láti apá kìíní ni ọ̀kẹ́rẹ́ yìí ti ń ja ìjà kan náà, òun ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n: o máa tẹ bọ́tìnnì kan, á fò; kó tó balẹ̀, wàá tún tẹ bọ́tìnnì yẹn kan náà, á ká ara rẹ̀ kò lókè, á sì jábọ́ gbì sórí ọ̀tá. Èmi sọ ọ́ ní Jókòó-lé-e. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó o bá pẹ́ díẹ̀ kó o tó tẹ èkejì, ọ̀kẹ́rẹ́ á ti balẹ̀ síwájú alákàn, ìyẹn á sì fi ọwọ́ rẹ̀ gé e.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún gan-an ló sì kú mọ́ mi lára. Télọ̀ ni mí, ní Bẹẹrẹ. Agbádá ni mò ń rán. Lẹ́yìn Iléyá, mo ń gé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ ni sísọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, ọwọ́ ò gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé kí n máa dúpẹ́ pé ẹnu mi ò wọ́, pé mo ṣì ń fẹsẹ̀ ara mi rìn. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí ò lè mú sísọ́ọ̀sì, kí ló wá ń jẹ́? Obìnrin tó ń na iṣan fún mi ní ọsibítù ní kí n máa fi ọwọ́ náà tẹ nǹkan, kí n má jẹ̀ẹ́ kó sinmi. Bí ọmọ mi ṣe gbé pádì géémù lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Èmi náà bá bá ara mi ṣàdéhùn: ọjọ́ tí mo bá jókòó lé alákàn yìí lórí, ọjọ́ náà ni mò ń padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń bú ọ̀kẹ́rẹ́!

"Fò! Mo ní kó o fò! Ó yá, jábọ́... Háà! Àtàǹpàkò yìí, ṣé oorun lò ń sùn ni?"

Alákàn gé e. A tún bẹ̀rẹ̀. Alákàn tún gé e. Ìyá mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbà rẹ̀ á yí ojú sí mi.

"Ọkọ mi, ta lò ń bá jà?"

"Alákàn ni, Màmá."

"Alákàn? Ní abẹ́ òkè Màpó yìí?" Á mi orí, á padà sídìí tẹ̀súbà rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé eré ni mò ń ṣe kò tíì rí ojú tí wọ́n fi ń wò mí. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún mi, ẹ sì mọ ohun tí ọwọ́ òsì jẹ́ láàárín wa. Bàbá àgbà kan wá kí mi, mo na ọwọ́ sí i, ó wo ọwọ́ náà bí ẹni wo ejò, ó ká tirẹ̀ sínú agbádá. Èmi ni mo rán agbádá ọ̀hún! Ìyá mi pàápàá, bí mo bá gbé omi fún un, kò ní gbà á. Á jẹ́ kí n gbé ife dúró síbẹ̀ títí màá fi gbé e kalẹ̀ lórí àpótí, kó tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ta ló ń júwe ilé? Omi ni mo gbé wá! Ó dùn mí wọnú egungun, mi ò lè purọ́.

Ọmọ mi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá, wọ́n ń yí i padà o. Mo lè gbé bọ́tìnnì fífò sí ọwọ́ òsì yín." Mo jágbe mọ́ ọn. Ṣé ọwọ́ òsì ló ń ṣàìsàn ni?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, alákàn gé ọ̀kẹ́rẹ́ títí omi fi lé sí mi lójú. Mo ju pádì sórí àga. Ọmọ mi mú un, ó yí ohun tó máa yí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ padà. Mo fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé kí ariwo lè tán. Ọ̀kẹ́rẹ́ fò. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Gbì! Alákàn fọ́ yángá. Òmíràn ń bẹ níwájú. Gbì! Ìyẹn náà fọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọwọ́ yìí, ó kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú bí mi ni, inú bí mi gidi gan-an. Nítorí mo rántí pé ọwọ́ òsì ni mo bá wáyé. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń ju òkò, títí ìyá mi fi fi àkísà dè é mọ́ mi nídìí tí oúnjẹ bá ti délẹ̀, tó ń fi ata pa á. Nígbà tí wọ́n máa fi mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ti gba kádàrá, ó ti di ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ fún ọ̀tún.

Mo yíjú, Màmá dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ọwọ́ tí ẹ dè rèé."

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Ó kó tẹ̀súbà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló jáde. Sísọ́ọ̀sì mi tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé ló mú dání, pẹ̀lú ìró rẹ̀ kan tó ti gbó. Ó na sísọ́ọ̀sì sí mi. Mo fi òsì gbé ọ̀tún sókè kí n fi gbà á, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Òsì," ó ní. "Òsì ni kó o fi gbà á."

Mo gbà á. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe sísọ́ọ̀sì yẹn fún. Etí rẹ̀ ń họ mí ní ìdí àtàǹpàkò, ìró ń ká sáàárín ẹnu rẹ̀, ibi tí mo gé sì wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Mo pòṣé. Mo fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí ẹní lọ́dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìró náà kó le.

"Tún un gé," ó ní.