Káún, Iyọ̀ àti Ọkàn Ìyá Mi

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì o. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo Ṣómólú ń pariwo, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké láàárọ̀ lálẹ́ nítorí pósítà àwọn olóṣèlú, ṣùgbọ́n inú yàrá tiwa dákẹ́. Atẹ̀wé ni bàbá mi, kò sì ríṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Á wọlé tòun ti íńkì lọ́wọ́ àti lẹ́yìn etí, á wo ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, màmá," á sì jókòó tì í láìsọ nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹnu rẹ̀ máa ń tì pa ni.

Ẹja ni ìyá mi ń tà ní etí ọ̀sà ní Bàrígà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò sẹ́ni tó máa ná ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní rẹ́rìn-ín, nítorí á bú ọ, á kí ọ, á tún fún ọ ní èènì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é ni ọjọ́ tó sọ abọ́ ẹja kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Fádèyí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kó to ìrọ̀rí sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kankan kò gbà á.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí i lẹ́sẹ̀. Ó fún un ní hóró òògùn funfun kékeré kan tí yóò ran ọkàn náà lọ́wọ́ láti lù dáadáa, àti òmíràn tí yóò máa mú un tọ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka sókè.

"Màmá, iyọ̀ tán o. Ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́. Ibi tí iyọ̀ bá wà nínú ara ni omi máa ń tẹ̀ lé e lọ."

Bí ìyá ìyá mi ṣe gbọ́ nílé, ó dé. Ìyá àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tín-ínrín ni, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì ròkè, nítorí gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń pe èèyàn láti inú ọkọ̀ ojú omi kan sí èkejì. Kó tó gba omi mu lọ́jọ́ tó dé, ó ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́ òfin dókítà, ó sì kó gbogbo iyọ̀ tó wà nílé, ó pín in fún àwọn ayálégbé tó kù. Mo sọ fún bàbá mi pé ó yẹ ká jọ máa ṣètò oúnjẹ ìyá mi. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa kọ́ ìyá ìyàwó ẹni lọ́bẹ̀ sè? Èmi ò sí níbẹ̀ o."

Àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún kò sọ̀. Ó tún wá ń wú gòkè sí orúnkún ni. Oúnjẹ kò wu ìyá mi jẹ mọ́, tá a bá gbé e síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò nítorí ìyá rẹ̀, á sì gbé e tì. Nígbà tá a padà lọ sí ọsibítù, dókítà tẹ ẹsẹ̀ náà, ó fajú ro díẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ń lo òògùn yín sá?"

Ìyá mi búra. Ìyá àgbà náà búra lé e. Dókítà ní bí nǹkan kò bá yí padà kí a tó tún wá, òun á fi kún hóró funfun náà, torí ó jọ pé èyí tó ń lò kò tó. Bí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á dá ìyá mi dúró sí ọsibítù. Ọsibítù ni ìyá mi ń bẹ̀rù. Èmi, hóró funfun yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, mo sì nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Mo ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà, kò jìnnà sí Bàrígà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ. Bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mò ń kọ́. Ìyanṣẹ́lódì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, a kún kíláàsì bámúbámú, ooru ń mú, olùkọ́ wa sì ń ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì ọkàn sójú pátákó. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n pa pọ̀ di ara wa. Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn, kálísíọ́mù ló ń pàṣẹ. Òun kan náà ló wà nínú eegun ẹja àti nínú ìkarahun ìgbín. Bí kálísíọ́mù bá wọlé, ọkàn á sún kì, á ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó síbẹ̀, ọkàn kò ní lè dẹ̀ kí ó gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, wọ́n á kó púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sí ibi ìpamọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó wọlé láti òde sì gbọ́dọ̀ padà síta.

Ta ló ń lé e jáde? Ẹnu ọ̀nà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí sódíọ́mù, ìyẹn ohun tó wà nínú iyọ̀, ń gbà wọlé. Sódíọ́mù pọ̀ lóde ju inú lọ, ó sì ń wá ọ̀nà àtiwọlé lójú méjèèjì. Agbára tó fi ń rọ́ wọlé ni ẹnu ọ̀nà náà fi ń ti kálísíọ́mù síta. Sódíọ́mù mẹ́ta á wọlé, kálísíọ́mù kan á jáde. Lẹ́yìn náà, pọ́ǹpù kan tó ń jẹ lára agbára oúnjẹ wa á máa kó sódíọ́mù padà síta, kí ó má baà kún inú.

Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa ti dárúkọ òògùn ìyá mi. Mo gbórí sókè. Ó ní òògùn náà máa ń fa pọ́ǹpù yẹn sẹ́yìn díẹ̀. Sódíọ́mù á pọ̀ sí i díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń rọ́ wọlé kò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, kálísíọ́mù díẹ̀ á ṣẹ́ kù, ọkàn tó ti rẹ̀ á wá rí okun fi lù. Àmọ́ bí òògùn bá fi díẹ̀ kọjá ìwọ̀n, kálísíọ́mù á pọ̀ jù, ọkàn á máa lù ségesège, ó sì lè dákẹ́. Bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta gàrí ló ṣe sọ ọ́.

Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá Ìyá àgbà ní ilé ìdáná, ó ń fọ́ nǹkan pẹ̀lú ìdí ọmọ odó. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀, ó dà á sínú ọbẹ̀ ilá.

"Màmá, kí lẹ dà sí i yẹn?"

"Káún ni. Ṣé ìwọ ò mọ káún ni?"

"Ó mà pọ̀ o."

"Tí kò bá pọ̀, kí ló máa fi jẹ ẹ́? Ẹ ti gba iyọ̀ lẹ́nu ọmọ mi. Ṣé kó má tún ní káún? Ẹ kúkú ní kí n máa fún un lómi gbígbóná!"

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Káún wà nínú ẹ̀wà àárọ̀ kó lè tètè rọ̀. Káún wà nínú ilá kó lè fà. Lálẹ́, bí ìyá mi bá ní inú ń kún òun, omi káún ni yóò fi lé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fòfin de iyọ̀ ló ti ń fi kún un, nítorí ìfẹ́. Àṣìṣe ẹni tó gbọ́ràn ni. Ẹni tó ń rú òfin dókítà ì bá bu iyọ̀ díẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ìpalára rẹ̀ kì bá sì tó tèyí.

Lọ́jọ́ kejì, mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa ohun tó wà nínú káún. Ó ní sódíọ́mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti iyọ̀. Ó tún bi mí pé ta ló ń jẹ ẹ́. Mo ti ń rìn lọ sílé kíákíá.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó gbọ́ ọ parí, ó fọwọ́ bo ẹnu mi.

"Má sọ fún Ìye." Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá létí òkun nìyẹn. "Tó bá gbọ́ pé òun ni, kò ní lè gbé e. Wá ọgbọ́n dá sí i."

Inú bí mi. Mo ní, "Kí n wá máa wò yín kí ẹ kú nítorí ojú àánú?" Ó yí ojú sí ògiri. Ni mo bá dá ọgbọ́n: mo ní ọbẹ̀ sísè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wù mí, kí Ìyá àgbà lọ sinmi. Ó bi mí bóyá ọwọ́ òun ti ń rùn ni. Ọgbọ́n mi parí síbẹ̀.

Nígbà tó tún ń múra àtisebẹ̀, mo lọ bá a. Mo tan sítóòfù títí iná rẹ̀ fi di búlúù. Mo fọ́n iyọ̀ díẹ̀ tí mo tọrọ lọ́dọ̀ aládùúgbò sínú iná náà, iná sì pọ́n bí ọsàn. Mo jẹ́ kó padà di búlúù, mo wá fọ́n káún tó ti lọ̀ sí i. Ó tún pọ́n bí ọsàn. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí èèyàn fi ń wọn nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó fún ojú. Ìyá àgbà tẹjú mọ́ ọn.

"Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, Màmá."

Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo fìka ya sẹ́ẹ̀lì sínú eérú ààrò kan tó wà nítòsí, mo ya ẹnu ọ̀nà sí i, mo sọ fún un pé mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹyọ kan tó jáde.

"Ilé Ṣómólú nìyẹn," ni ó wí. "Ayálégbé kan ò tíì kó jáde tán, ẹni mẹ́ta ti gbẹ́rù wọlé."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi olùkọ́ wa ní kíláàsì. "O ní òògùn yẹn ń jẹ́ kí nǹkan iyọ̀ pọ̀ nínú ọkàn, ọkàn sì ń lágbára. Kí ló wá dé tí iyọ̀ ẹnu fi burú?"

Mo ní díẹ̀ ni ti òògùn, inú sẹ́ẹ̀lì ló sì wà. Ti ẹnu, òde ló ń dúró sí, nínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń fa omi jọ, ọkàn tó ti rẹ̀ á wá máa ru omi náà kiri. "Bí dókítà bá sì fi kún òògùn nítorí omi yẹn, ọkàn wọn lè dákẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wò mí.

"Èmi ni, àbí?"

Mi ò lè purọ́. Mo ní, "Káún ni, Màmá."

"Ta ló ń fi káún sí i?"

Ó pa sítóòfù, ó wọ yàrá, ó fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìró rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. "Ilẹ̀ bá mọ́, mò ń lọ sílé. Mo wá tọ́jú ọmọ mi, mo wá ń fọwọ́ ara mi..." Kò parí rẹ̀. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo báàgì náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé mo ti gba ìyá mi là, mo sì ti ba ayé ìyá rẹ̀ jẹ́.

Ìyá mi gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ìye," ni ó pè. "Ebi ń pa mí."

Ìyá àgbà dúró, ìró kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá mi.

"Ẹ lọ rẹ́ ilá mìíràn. Ẹ má fi káún sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sè é o. Tọmọ yìí ò ṣeé jẹ."

Ó bú mi, inú mi sì dùn débi pé mo lọ tan sítóòfù kí ẹnikẹ́ni tó rán mi. Ìyá àgbà sè é pẹ̀lú ata, ewé ẹfinrin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ilá náà kò fà, ó dúró gbọin nínú abọ́, ìyá mi sì jẹ ẹ́ tán.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹsẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Dókítà kò fi kún hóró funfun mọ́, nígbà tá a sì sọ ọ̀rọ̀ káún fún un, ó ní òun á máa fi í kún òfin òun fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ìyá mi padà sí etí ọ̀sà, ó ń ta díẹ̀díẹ̀, ó ń jókòó tà. Ìyá àgbà kò lọ sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni ó darúgbó sí, ọ̀dọ̀ wa náà ni ó sì sùn sí lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tẹ̀ lé pósí dé etí omi, ó wọ ọkọ̀ tó gbé e lọ sílé, ó sì sin ìyá rẹ̀.